Páìpù àti wáyà ló ń pa pọ́ǹpù ilé-iṣẹ́

Nígbàkúùgbà tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta, ẹjọ́ méjì la sábà máa ń gbọ́: wọ́n á ní ọjà náà kì í ṣe ojúlówó, tàbí kí wọ́n ní iná NEPA ló pa á. Òótọ́ máa ń wà nínú ẹjọ́ méjèèjì nígbà mìíràn, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tó ti kú tí wọ́n gbé wá fún mi láti tú, ara pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Páìpù tí ó ń gbé omi wọlé sí i, tàbí wáyà tí ó ń gbé iná wọ mọ́tò iná tí ń yí i, ni wọ́n so lọ́nà tí ẹ̀rọ kankan kò fi lè pẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ kan tí a ṣe láìpẹ́ yìí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra pọ́ǹpù ńlá lè mọ ibi tí ó yẹ kí owó rẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ Alhaja kan ni, lẹ́yìn Ọbàntokò, ní ọ̀nà Odẹ́da, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe láfún àti sítáàṣì. Iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kò ṣeé ṣe láìsí omi púpọ̀: a ó fọ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, a ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a bá bó o tán, sítáàṣì sì tún ní omi tirẹ̀ tí a fi ń sẹ́ ẹ. Kànga ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ọgbà náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gbẹ́ kànga ní agbègbè wa mọ̀ pé àpáta líle ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, àti pé omi kì í sí níbẹ̀ àfi ibi tí àpáta náà bá ti sán tàbí ibi tí òkè rẹ̀ bá ti jẹrà. Díẹ̀díẹ̀ ni irú kànga bẹ́ẹ̀ ń mú omi wá. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí pọ́ǹpù kéékèèké inú kànga máa da omi sínú táńkì kọnkéré ńlá kan tí wọ́n mọ sí abẹ́ ilẹ̀, tọ̀sán-tòru, kí pọ́ǹpù ńlá kan sì máa gbé omi inú táńkì náà lọ sínú àwọn táńkì orí irin nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Nítorí pọ́ǹpù ńlá yìí ni wọ́n ṣe pè mí. Mọ́tò iná méjì ló ti jó lórí rẹ̀ kí n tó débẹ̀, Alhaja sì ti ra odindi pọ́ǹpù tuntun, 7.5 kW, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní 10 HP, tí ó lè gbé nǹkan bí 30,000 lítà omi ní wákàtí kan dé òkè tí wọ́n fẹ́.

"Ẹńjiníà, ẹ ṣáà bá mi gbé e kalẹ̀ síbi tí ti àtijọ́ wà," ni Alhaja wí. "Páìpù wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wáyà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò kí n tó fọwọ́ kan tuntun."

Páìpù ìwọlé omi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀lé láti inú táńkì wá. Íǹṣì méjì ààbọ̀ ni wọ́n lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé bí ẹnu pọ́ǹpù ṣe rí nìyẹn. Ó jáde láti inú omi, ó gun orí ògiri táńkì kọjá, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó wá fi ẹ́líbò kan ṣẹ́ kọ́rọ́ wọ ẹnu pọ́ǹpù. Lójú ẹni tí ń kọjá lọ, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, wọ́n tilẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ búlúù. Síbẹ̀, kò sí ohun kan nínú bí wọ́n ṣe gbé páìpù yẹn tí kò lòdì sí ohun tí pọ́ǹpù ń fẹ́.

Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, pọ́ǹpù irú èyí kì í fa omi. Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ni ó ń ju omi tó bá wà níbẹ̀ jáde. Bí omi yẹn bá ti jáde, agbára ibi tí ó fi sílẹ̀ á dínkù, atẹ́gùn ayé tí ó tẹ ojú omi inú táńkì mọ́lẹ̀ á sì ti omi mìíràn gba inú páìpù wá dí àyè náà. Agbára atẹ́gùn yìí kò lè ti omi kọjá nǹkan bí mítà 10.3 sókè ní etí òkun, bí inú páìpù bá tilẹ̀ ṣófo pátápátá. Abẹ́òkúta kò fi púpọ̀ ga ju etí òkun lọ, nítorí náà iye yẹn náà ni tiwa, bí ó bá tilẹ̀ dín, díẹ̀ ni. Inú nǹkan bí mítà 10 yìí ni gbogbo ìnáwó yóò ti jáde. Gíga tí ó wà láàárín ojú omi àti pọ́ǹpù á mú tirẹ̀. Ìfàra-yírá omi nínú páìpù, nínú ẹ́líbò àti nínú fáàfù á mú tirẹ̀. Ooru omi pẹ̀lú ní ìpín, nítorí omi tó gbóná dé ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ti inú táńkì wa ṣe máa ń rí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ń gba ohun tó sún mọ́ ìdajì mítà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ló gbọ́dọ̀ tó pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, iye tí pọ́ǹpù sì ń bèèrè wà nínú ìwé tí wọ́n dì mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ìwé tí ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ wa ń jù nù pọ̀ mọ́ páálí. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi í gbé pọ́ǹpù orí ilẹ̀ ga ju mítà 6 tàbí 7 lọ sí ojú omi.

Ti Alhaja kò ju mítà 3 lọ nígbà tí omi táńkì bá lọ sílẹ̀. Kò yẹ kí ó ní wàhálà. Páìpù ni ó jẹ ìyókù. Bí 30,000 lítà bá ń gba inú páìpù íǹṣì méjì ààbọ̀ kọjá ní wákàtí kan, eré omi náà á tó mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó kọjá 1.5 ní apá ìwọlé. A yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, a sì fi íǹṣì mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Eré omi wá bọ́ sí nǹkan bíi mítà kan. Alhaja kọ́kọ́ fárígá nítorí owó páìpù íǹṣì mẹ́rin, ó ní ṣé ẹnu pọ́ǹpù kọ́ ni ó ń sọ irú páìpù tí a ó rà ni. Mo gbé abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù àtijọ́ lé e lọ́wọ́.

Abẹ̀bẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà yìí náà fojú inú wò. Idẹ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán, ibi tí omi ti ń jáde lára rẹ̀ ṣì pé, ṣùgbọ́n ní àárín, ní ẹnu ibi tí omi ti ń wọlé, ojú idẹ náà ti di ihò wínníwínní, ó rí págunpàgun lábẹ́ ọmọ ìka, etí abẹ̀bẹ̀ kan sì ti jẹ tán débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìpẹtà kọ́ ni. Nígbà tí agbára omi bá lọ sílẹ̀ jù ní ẹnu abẹ̀bẹ̀, omi náà á hó níbẹ̀ láìgbóná, á di ìfòófò kéékèèké. Bí ìfòófò náà bá sì ti rìn díẹ̀ dé ibi tí agbára ti pọ̀, á fọ́ lójijì, ìfọ́ kọ̀ọ̀kan a sì bu ègé kékeré lára irin. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́rìí sí i pé ariwo pọ́ǹpù yẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, wọ́n sì rò pé bí pọ́ǹpù ńlá ṣe ń ké nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ nílé-iṣẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe pe ẹni tí ń tún pọ́ǹpù ṣe, kí ó lọ wo páìpù ìwọlé omi rẹ̀.

Ohun kejì tí ó ń bá páìpù yẹn jà ni atẹ́gùn. Ibi tí páìpù bá ti gun òkè tí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, orí òkè ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa ń kó jọ sí, kò sì sí ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Nítorí náà a gbẹ́ ihò sí ara ògiri táńkì, ní ìsàlẹ̀ ibi tí pọ́ǹpù ga dé, a gba ibẹ̀ mú páìpù jáde, a sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹnu pọ́ǹpù, láìsí ibì kan tí ó ti tẹ̀ sílẹ̀. A sì rẹ́ ihò náà pa dáadáa, nítorí táńkì tí ń jò kò ṣàǹfààní fún ẹnikẹ́ni. Ní ibi tí íǹṣì mẹ́rin ti ń di íǹṣì méjì ààbọ̀, ridúsà tí ojú kan rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni a lò, a sì kọ ojú pẹrẹsẹ náà sí òkè. Ridúsà tó wọ́pọ̀ lọ́jà ni èyí tí ó rí bákan náà yípo. Bí a bá gbé èyí sí ẹnu pọ́ǹpù, àyè kékeré kan yóò wà lókè nínú rẹ̀ tí atẹ́gùn yóò fi ṣe ilé. A kò rí irú tí a fẹ́ rà, wẹ́dà wa ni ó gé irin tí ó sì jó o, mo sì dúró tì í títí tí ó fi parí, nítorí iṣẹ́ yẹn kò gba ojú ọ̀nà méjì.

Ẹ́líbò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu pọ́ǹpù. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa lu ẹ̀gbẹ́ kan abẹ̀bẹ̀ ju èkejì lọ, béárìn ni yóò san gbèsè náà. Òfin tí a ń tẹ̀ lé ni pé kí páìpù tí ó gún gbọnrangandan wà ṣáájú pọ́ǹpù, kí gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ìbú páìpù náà ó kéré tán. Ìlọ́po mẹ́wàá ló dára jù. Tiwa ju ìdajì mítà lọ dáadáa. Fáàfù ẹsẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí omi inú páìpù ìwọlé padà sínú táńkì, àti ajọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú omi, a gbé e kúrò nílẹ̀ táńkì kí ó má baà máa kó ẹrẹ̀, a sì so ojú òṣùwọ̀n omi lọ́nà tí pọ́ǹpù yóò fi dúró kí omi orí fáàfù náà tó dín sí ìdajì mítà, nítorí bí omi bá kéré lórí rẹ̀, yóò máa yí bírí, yóò sì máa gbé atẹ́gùn mì. A kò fi fáàfù mìíràn sí apá ìwọlé. Bí táńkì bá ga ju pọ́ǹpù lọ ni a nílò rẹ̀, kí a lè rí omi dá dúró nígbà àtúnṣe. Ibi tí omi bá sì wà nísàlẹ̀ bí tiwa, fáàfù àfikún kò ju ibi mìíràn tí atẹ́gùn lè gbà wọlé lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a kún páìpù ìwọlé fún omi, a fi pọ́ǹpù ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dé agbára bar 2, a sì nu gbogbo ojú ìsopọ̀ gbẹ kí a lè rí ibi tí omi bá ti ń yọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ jù. Ojú ìsopọ̀ tí ó ń jò ní apá ìjáde, omi ilẹ̀ á fi í hàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń jò ní apá ìwọlé, atẹ́gùn ló ń wọlé níbẹ̀, omi kan kò ní kán sílẹ̀, ènìyàn lè máa wá ẹ̀bi pọ́ǹpù fún oṣù kan láìmọ ohun tí ń ṣe é.

Apá ìjáde kò le tó bẹ́ẹ̀. Íǹṣì mẹ́ta ni a gbé gòkè, a fi géèjì sí i, lẹ́yìn náà fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà, lẹ́yìn náà fáàfù tí a ń fi ọwọ́ ti. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn nìyẹn, kí a lè fi fáàfù ọwọ́ dá omi òkè dúró bí a bá fẹ́ tú èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ará ìlú tí iná wọn kì í lọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ronú sí: nígbà tí iná bá lọ lójijì, omi tó ń gòkè á dúró, á sì yí padà wá sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, bí fáàfù bá ti pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tì, ìlù tí omi náà yóò lu páìpù lè ya páìpù oníke láàárín. Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bí tiwa, fáàfù onísípíríìnì ló yẹ, nítorí sípíríìnì rẹ̀ ń tì í pa kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Gbogbo páìpù yìí ní irin tí ó gbé e dúró láti ilẹ̀. Pọ́ǹpù kì í ṣe òpó. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ èyí wò kò le: mo máa ń tú bóòtù fílánjì, etí pẹrẹsẹ tí a fi ń de páìpù mọ́ pọ́ǹpù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ pé àwọn parí. Bí ojú fílánjì méjèèjì bá ṣì kọjú síra, tí a sì lè fi ọwọ́ lásán ti bóòtù bọ ihò rẹ̀ padà, páìpù náà dúró lórí ara rẹ̀. Bí páìpù bá fò sí ẹ̀gbẹ́ pẹ́rẹ́ bí a ṣe tú u, irin pọ́ǹpù ló ń fi agbára dì í mú, kò sì ní pẹ́ kí ṣáàfù rẹ̀, ọ̀pá tí ń yí abẹ̀bẹ̀, tó wọ́. Ìpìlẹ̀ kọnkéré tí a dà wúwo ju pọ́ǹpù àti mọ́tò iná rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Láàárín ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ni àṣà. Kọ́pílìn tí ó so ṣáàfù méjèèjì pọ̀ ni a tún tò gún lẹ́yìn tí a de gbogbo páìpù tán, nítorí dídè páìpù lè sún pọ́ǹpù kúrò lójú ibi tí a tò ó sí.

Ó wá ku iná.

Mo ní kí wọ́n gbé mọ́tò iná kejì tí ó jó wá. Èéfín ti sọ ẹnu àpótí kékeré tí ó wà lára rẹ̀ di dúdú, ṣùgbọ́n orí bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wáyà ń dé sí ṣì dúró, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ wà ní ìbú, ó so mẹ́ta ìlà kan pọ̀ mọ́ra wọn. Ìsopọ̀ tí a ń pè ní star nìyẹn. Mo fi àkísà nu àwo tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara mọ́tò náà. Níwájú àmì onígun mẹ́ta, ìyẹn ìsopọ̀ delta, 400 ni wọ́n kọ. Níwájú àmì Y, ìyẹn star, 690. Mo pe bàbá oníná tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì ní, "Bí wọ́n ṣe gbé e wá láti ilé ìtajà ni mo ṣe so ó, ọmọ mi. N kò yí irin yẹn padà." Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí a máa ń rí ọ̀pọ̀ mọ́tò iná tí wọ́n ti fi irin náà sí ọ̀nà kan láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí kì í sì í ṣe ọ̀nà tí iná wa ń fẹ́.

Ìtumọ̀ àkọlé yẹn ni pé okùn bàbà tí wọ́n ká sínú mọ́tò náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́ 400 fóòtì. Bí a bá so ó ní star lórí iná wa, tí ó yẹ kí ó jẹ́ 400 sí 415, nǹkan bíi 230 ni okùn kọ̀ọ̀kan yóò rí gbà, agbára ìyípo rẹ̀ á sì já sí ìdá mẹ́ta. Mọ́tò náà á yí, omi á jáde, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Ṣùgbọ́n bí ẹrù pọ́ǹpù bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, á máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, ooru á sì máa kó jọ nínú rẹ̀ títí yóò fi jó. Ti mọ́tò tí wọ́n kọ 230/400 sí lára yàtọ̀ sí èyí pátápátá: star ni tirẹ̀ lórí iná féèsì mẹ́ta wa, bí ẹnikẹ́ni bá so ó ní delta, kò ní pẹ́ rárá kí ó tó jó, kò sì ṣeé fi sítátà star-delta (èyí tí ń tan mọ́tò ní star kí ó tó yí i sí delta) bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ka àwo ara mọ́tò kí ó tó so wáyà, tẹ́tẹ́ ló ń ta pẹ̀lú owó olówó.

Mọ́tò 7.5 kW ń fa nǹkan bíi 15 ampere nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ṣùgbọ́n bí a bá tan án lẹ́ẹ̀kan náà lójú iná, ó lè fa ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje iye yẹn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, jẹnẹrétọ̀ á kérora, gbogbo gílóòbù ilé-iṣẹ́ á ṣú. Sítátà star-delta ń mú iye náà wá sí ìdá mẹ́ta, òun ni a sì lò. Wáyà mẹ́fà ló ń ti inú irú sítátà bẹ́ẹ̀ lọ sí ara mọ́tò, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti gbé sítátà sí ọ́fíìsì kí a wá máa fa wáyà mẹ́fà la ọgbà kọjá. Ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù ni a gbé e kọ́, lábẹ́ òrùlé. Ohun tí ó wá ń ṣi ọ̀pọ̀ oníná lọ́nà ni overload, ẹ̀rọ kékeré tí ń gé iná bí mọ́tò bá ń fà á ju bó ṣe yẹ lọ. Bí overload bá wà ní ojú ọ̀nà tí iná ti ń wọlé kí ó tó pín, 15 ni a ó yí i sí. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ contactor àkọ́kọ́ (ohun tí ń so iná mọ́ mọ́tò, tí ó sì ń já a, nínú sítátà), bí ó ti sábà máa ń wà, apá kan iná náà ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, 0.58 iye yẹn ni a ó sì yí i sí, ìyẹn nǹkan bí 8.7. Ẹni tó bá yí i sí 15 níbẹ̀ kò dáàbò bo ohunkóhun.

Láti inú pátákó iná títí dé sítátà tó nǹkan bíi mítà 60. Kébù onírin lára, 4 mm², ni a gbé síbẹ̀. Nǹkan bíi fóòtì 7 ni yóò sọnù lójú ọ̀nà. 2.5 mm² tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀ lè gbé ampere náà, ṣùgbọ́n fóòtì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò máa sọnù. Bí iná bá ti rẹ̀lẹ̀ láti orí òpó, fóòtì tí ó sọnù yìí kò kéré mọ́, nítorí agbára ìyípo mọ́tò kì í dínkù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fóòtì: bí 400 bá di 340, agbára ìyípo á já sí nǹkan bí 72 nínú 100.

Relay tí ń ṣọ́ féèsì ni ohun tí mo ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé bí wọn kò bá ra ohunkóhun mìíràn, kí wọ́n ra á. Bí féèsì kan bá lọ nígbà tí mọ́tò ń yí lọ́wọ́, kò ní dúró. Á máa fi féèsì méjì tó kù yí, á máa kùn, iná tí ó ń fà lórí méjèèjì á sì fò sókè títí yóò fi jó. Relay náà á ti dá a dúró kí ó tó débẹ̀. Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tító tí féèsì tò lára iná NEPA lè yàtọ̀ sí bí ó ṣe tò lára jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá yí ìyípadà iná láti ibì kan sí èkejì, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé pọ́ǹpù tí ń yí sẹ́yìn ṣì ń gbé omi díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, wọ́n á kàn máa ní "omi jẹnẹrétọ̀ kò lágbára". Bẹ́ẹ̀ abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n yí mọ́ ṣáàfù bíi nọ́ọ̀tì lè tú kúrò lórí rẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ Alhaja, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. A pàrọ̀ wáyà féèsì méjì ní ẹnu jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe ní ara mọ́tò, kí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn dọ́gba.

Ẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí iná tó bá jò ń gbà wọ inú ilẹ̀, ni ó gba wa ní àkókò jù. Ọ̀pá bàbà tí a fẹ́ gún sílẹ̀ kò rìn jìnnà kí ó tó kan àpáta, ó sì tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ní Abẹ́òkúta ló rí bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn kan sì ń ṣe ni pé wọ́n á gé ìyókù ọ̀pá náà kúrò, wọ́n á fi kọnkéré bò ó. A wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ nítòsí ibi tí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀gẹ́ ti ń ṣàn lọ, a gún ọ̀pá mélòó kan síbẹ̀ ní ìjìnnà síra wọn, a fi bàbà so wọ́n pọ̀, a sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n kí a tó gbà pé ó tó. Àwọn obìnrin tí ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ tútù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àwọn mìíràn kò wọ bàtà. Nítorí wọn ni a ṣe fi ẹ̀rọ tí ń gé iná nígbà tí iná bá ń jò sílẹ̀ sí i, tí a sì mú wáyà tí ń lọ sí òṣùwọ̀n omi inú táńkì wá sí 24 fóòtì. Òṣùwọ̀n náà ń dá contactor dúró bí omi bá tán, iná ńlá kò gba inú rẹ̀ kọjá.

Kébù tí ó wọ àpótí mọ́tò gba ìsàlẹ̀ wọlé, a sì jẹ́ kí ó sọ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọ̀ ọ́, kí omi tí ó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀. Kí a tó tan iná, a fi megger 500 fóòtì, ẹ̀rọ tí ń fi hàn bóyá iná ń jò, wọn okùn mọ́tò sí ara irin rẹ̀. Ohun tó bá dín ní megohm kan, kò yẹ kí a tan án.

Ní ọjọ́ títàn, a kún pọ́ǹpù fún omi títí tí omi tí kò ní ìfòófò fi jáde ní ihò orí rẹ̀, a ti fáàfù ìjáde kù díẹ̀, a sì tan án fìrí, a pa á, a wo ẹ̀yìn mọ́tò bóyá ó yí bí ọfà ara pọ́ǹpù ṣe tọ́ka. Lẹ́yìn èyí ni a tan án ní tòótọ́, tí a sì ń ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀. Irú pọ́ǹpù yìí, nígbà tí fáàfù rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tì ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí omi kan náà ni yóò máa pò nínú rẹ̀ tí yóò fi gbóná. Ampere féèsì mẹ́ta jẹ́ 12.8, 13.1 àti 12.6. Mo fi bírò tí kì í parẹ́ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sítátà, pẹ̀lú agbára tí géèjì fi hàn, kí ẹni tó bá tún dé ibẹ̀ lè mọ ohun tí ó yẹ kí òun rí.

Alhaja fẹ́ ra pọ́ǹpù kejì tí yóò máa ran èyí lọ́wọ́. A ti fi àyè contactor rẹ̀ sílẹ̀ nínú pátákó iná, ojú ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Wọ́n bi mí bóyá a lè kàn ya páìpù ìwọlé tó wà níbẹ̀ sí méjì. Mo ní rárá: pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan tó bá ga ju omi lọ gbọ́dọ̀ ní páìpù ìwọlé tirẹ̀ láti inú táńkì wá, nítorí èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ lè máa fún èyí tí ń ṣiṣẹ́ ní atẹ́gùn. Wọ́n ti ní kí n kọ iye íǹṣì mẹ́rin kejì wá.